Orí Kẹfà: Ẹrù Dídì fún Ìrìn-àjò Àgọ́

Èrèdí ẹ̀kọ́ yìí

Nígbà tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

(a) ro ìrìn-àjò kan já láti òwúrọ̀ dé òru, kí o sì mọ ohun tí wákàtí kọ̀ọ̀kan yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ;
(b) ṣírò ìwọ̀n ẹrù tí ẹ̀yìn rẹ lè gbé láìsí ìpalára;
(d) yan aṣọ, oúnjẹ àti ohun ìtọ́jú ara tó bá ọjọ́ mẹ́ta mu;
(e) to ẹrù sínú báàgì kí ó má baà fà ọ́ sẹ́yìn, kí omi má sì wọ inú rẹ̀;
(ẹ) ya ẹrù àgọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù òkè.

6.1 Ìrìn-àjò tí à ń múra rẹ̀

Ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ kò lè mọ ẹrù tí yóò dì. Nítorí náà, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a óò máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí dé òpin. Kíláàsì JSS 2 kan ní Ìbàdàn fẹ́ lọ pàgọ́ sí Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà ìsinmi àárín sáà kìíní, lápá ìparí oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbéra, ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò padà: ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì. Bọ́ọ̀sì wọn yóò gba Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ kọjá. Orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan nísàlẹ̀ òkè ni wọn yóò pa àgọ́ sí, wọn yóò sì gun Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ohun mẹ́ta nípa ibẹ̀ ló kan ẹni tó ń di ẹrù. Èkíní ni àtẹ̀gùn. Ó lé ní 600 ìgbésẹ̀ tí ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó ṣí sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ UNESCO láti ọdún 2007 lára àwọn ibi tí a fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò fún Ogún Àgbáyé. Ohun yòówù tó bá wà lẹ́yìn rẹ ni yóò bá ọ gun àtẹ̀gùn náà. Èkejì ni àpáta fúnra rẹ̀: ó máa ń gbóná lọ́sàn-án, ó sì máa ń yọ̀ bí òjò bá ti kàn án. Ẹ̀kẹta ni òjò àrọ̀kúrò, tó lè ṣú lójijì lẹ́yìn tí oòrùn ti ràn láti àárọ̀.

6.2 Inú ọjọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ṣí àpótí aṣọ, tí wọn á dúró síwájú rẹ̀, tí wọn á sì máa bi ara wọn pé, "Kí ni mo lè mú?" Ìbéèrè yẹn kò lópin, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn kò lè mú. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, "Kí ni ọjọ́ náà yóò bi mí?"

Bí àwọn àgbà ti ń ṣe nìyẹn. Ọdẹ tí yóò sùn nínú igbó kì í kó ilé dání. Ó mọ̀ pé òkùnkùn ń bọ̀, ó mú iná. Ó mọ̀ pé ebi ń bọ̀, ó mú gaàrí. Àgbẹ̀ tó ń lọ sí oko ẹgàn náà mọ iye òru tí òun yóò sùn ní ahéré kí ó tó gbé apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Boys' Brigade dé Nàìjíríà lọ́dún 1908, tí Boy Scouts sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1915, àgọ́ pípa di ohun tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n òye tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Mú ìwé kan, kí o sì fi ọkàn rin ìrìn-àjò náà já. A ṣe ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún ọ báyìí:

- *Aago méje àárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì.* Òùngbẹ lè gbẹ ọ́: ike omi. Èébì lè gbé ọ lójú ọ̀nà: ọ̀rá kan nítòsí ọwọ́.
- *Ọ̀sán, lójú ọ̀nà.* Oúnjẹ ọ̀sán tí o gbé láti ilé, àti omi láti fọ ọwọ́.
- *Ìrọ̀lẹ́, níbi àgọ́.* Iṣẹ́ pọ̀, òógùn pọ̀: aṣọ tí kò ní dùn ọ́ bí ó bá dọ̀tí. Lẹ́yìn náà, ìwẹ̀: ọṣẹ, kànrìnkàn, táwẹ́ẹ̀lì, sálúbàtà.
- *Alẹ́.* Oúnjẹ: abọ́, síbí, kóòpù. Ẹ̀fọn: aṣọ alápá gígùn.
- *Òru.* Ibùsùn: aṣọ ìbora àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ lè gbọ̀n ọ́ jí: tọ́ọ̀ṣì tí ọwọ́ rẹ lè bà láìwá a kiri.

Ohun tí orúkọ rẹ̀ kò bá jáde lábẹ́ wákàtí kankan, fi í sílẹ̀. Ohun tó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, kò túmọ̀ sí pé kí o mú mẹ́ta: sálúbàtà ìwẹ̀ náà ni sálúbàtà òru. Ohun àìròtẹ́lẹ̀ nìkan ni òfin yìí yọ sílẹ̀. Rénkóòtù, pílásítà àti oògùn lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn wọ́n, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹrù àṣedànù.

6.3 Báwo ni ẹrù náà ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó?

Àwọn oníṣègùn sábà máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ẹrù ẹ̀yìn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má kọjá ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọn kílò 40, kílò 4 sí 6 ni ààlà rẹ̀. Ṣàkíyèsí pé báàgì fúnra rẹ̀ àti omi wà nínú ìṣirò yìí. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó gba sẹ́ńtílítà 50, ìdajì kílò ni.

Wo ẹrù tí akẹ́kọ̀ọ́ oníkílò 40 kan kọ́kọ́ dì. Àpẹẹrẹ ni àwọn ìwọ̀n yìí. Gbé tìrẹ sórí òṣùwọ̀n.

- Báàgì lófìfo: kílò 0.7
- Aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: 0.8
- Àwọ̀n ẹ̀fọn: 0.4
- Aṣọ wíwọ̀ àti súwẹ́tà: 1.2
- Sálúbàtà: 0.3
- Ohun ìwẹ̀: 0.5
- Tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì: 0.2
- Abọ́, kóòpù àti síbí: 0.3
- Ìpápánu: 0.6
- Rénkóòtù: 0.3
- Omi lítà kan: 1.0
- Àpapọ̀: kílò 6.3

Ó fi kílò 0.3 kọjá ààlà. Kí ni yóò yọ? Kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe àwọ̀n ẹ̀fọn. Ó wo ohun ìwẹ̀ rẹ̀: odindi ọṣẹ, odindi ìpara, táwẹ́ẹ̀lì ńlá. Ó gé ọṣẹ sí méjì, ó bu ìpara sínú ike kékeré, ó sì fi táwẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ rọ́pò. Kílò 0.2 lọ. Ó dín ìpápánu kù sí ìdajì, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa se oúnjẹ. Kílò 0.3 tún lọ. Ẹrù náà wá di kílò 5.8, kò sì sí ohun kan tí wákàtí kankan bèèrè tí kò sí níbẹ̀. Àṣírí ẹrù fífúyẹ́ nìyí: kì í sábà jẹ́ odindi nǹkan ni a máa ń yọ, ibi tí nǹkan ti pọ̀ jù ni a máa ń gé.

6.4 Àṣàyàn

*Aṣọ.* Fún òru méjì, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì kan yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́rùn rẹ, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ méjì àti súwẹ́tà kan ti tó. Fi jínsì sílẹ̀ nílé. Ó wúwo ní gbígbẹ, ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ní tútù, bí òjò bá sì pa á lálẹ́, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ mọ́ kí ó má tíì gbẹ. Súwẹ́tà lè dà bí ohun ìyàlẹ́nu nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò pa, tí afẹ́fẹ́ orí àpáta wá ń fẹ́ lù, kò ní bèèrè ìdí. Bàtà kànfáàsì tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kí o wọ̀. Bàtà tuntun yóò bó ọ lẹ́sẹ̀ kí àtẹ̀gùn tó dé ìdajì. Yẹ abẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú: bí ó bá ti jẹ dán, kò ní di àpáta tútù mú.

*Oúnjẹ àti omi.* Oúnjẹ tútù, ìyẹn èyí tí a ti sè, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nìkan ni kí o gbé e fún. Mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì tí a dé mọ́ inú kúlà pẹ̀lú ooru máa ń tètè bàjẹ́, nítorí pé inú ooru bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àrùn ti ń gbilẹ̀. Ohun gbígbẹ ni kí o fi ṣe ìpápánu: gaàrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, àádùn, bískíìtì. Má ṣe to píọ̀ wọ́tà sínú báàgì. Nǹkan ṣóńṣó kan ti tó láti lu ọ̀rá náà, ibùsùn rẹ ni yóò sì mu omi yẹn. Da á sínú ike tó ní ìdérí dáadáa.

*Òru.* Àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe pàtàkì nítorí pé òru ni irú ẹ̀fọn tó ń fa ibà máa ń jẹni jù. Bí àwọ̀n náà bá jẹ́ tuntun, tí a ti rẹ sínú oògùn láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ta á síbi òjìji fún odindi ọjọ́ kan kí o tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ní ti tọ́ọ̀ṣì, yí bátìrì kan nínú rẹ̀ lódìlódì kí o tó kó o sínú báàgì. Bí nǹkan bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní tàn, ìwọ yóò sì bá iná rẹ lódindi lálẹ́.

*Ìlera.* Bí o bá ń lo oògùn kan, kí òbí rẹ kọ orúkọ rẹ àti bí a ó ṣe lò ó sára rẹ̀, kí ó sì fi lé olùkọ́ tó ń bójú tó ìlera lọ́wọ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée nìkan ni yóò mú oògùn tó ń fi ẹnu fà sọ́wọ́ ara rẹ̀, nínú àpò tí kò ní síìpù líle, nítorí pé nígbà tó bá nílò rẹ̀, kò ní sí àyè láti wá olùkọ́. Olùkọ́ ni yóò mú omi iyọ̀-àti-ṣúgà oníyẹ̀fun, ìyẹn ORS, fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe. Iye omi tí a kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi pò ó. Ní tìrẹ, pílásítà díẹ̀ àti tíṣù ti tó. Kí ọmọbìnrin mú páàdì dání, bí àsìkò rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tíì tó.

6.5 Títò ẹrù sínú báàgì

Ṣe ìdánwò yìí kí o tó ka ìpínrọ̀ tó kàn. Mú ike omi lítà kan. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e mọ́ àyà, kí o sì ka ení dé ọgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, na ọwọ́ síwájú pẹ̀lú ike náà, kí o tún ka ení dé ọgbọ̀n. Omi kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ apá rẹ mọ ìyàtọ̀. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ara tó ni agbára tó fi ń fa ara ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ìyá tó pọn ọmọ máa ń gbé e sókè, á fi ọ̀já gbà á mọ́ra dáadáa, á sì rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọ̀já bá tú, tí ọmọ ń yọ̀ sísàlẹ̀, ọmọ kan náà á di ẹrù tí kò ṣeé gbé. Báàgì tí okùn èjìká rẹ̀ gùn, tó ń gbá ọ nídìí bí o ti ń rìn, ọmọ tó yọ̀ ni. Fa okùn méjèèjì títí báàgì yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má kọjá ìbàdí. Má ṣe fi okùn kan ṣoṣo kọ́ èjìká.

Ipele mẹ́rin ni a óò to ẹrù sí:

1. Ìsàlẹ̀. Ohun tó fẹ́lẹ́, tí o kò ní fọwọ́ kàn títí di alẹ́: aṣọ ìbora, àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ òru.
2. Àárín, ìhà ẹ̀yìn rẹ. Ohun tó wúwo jù: ìpápánu, ohun ìwẹ̀, àti omi bí báàgì rẹ kò bá ní àpò ẹ̀gbẹ́.
3. Àárín, ìhà òde. Aṣọ tí a ká roboto. Aṣọ kíká máa ń gba àyè díẹ̀, ó sì máa ń dí àlàfo tó bá wà láàárín nǹkan líle.
4. Òkè. Ohun tí ọjọ́ lè bèèrè lójijì: rénkóòtù, tọ́ọ̀ṣì, tíṣù, súwẹ́tà.

Ohun líle tàbí ohun tó ní igun kò gbọdọ̀ dojú kọ ẹ̀yìn rẹ. Fi síbí àti kóòpù sínú abọ́, kí o sì fi aṣọ wé abọ́ náà. Bí ike omi bá wà lápò ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, fi ohun mìíràn sí ti òsì láti dín ìyàtọ̀ wọn kù, bí sálúbàtà tí a fi ọ̀rá wé.

Ní ti omi òjò, má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ báàgì. Ojú síìpù àti ojú ìránṣọ ni omi máa ń gbà wọlé. Tẹ́ ọ̀rá ńlá kan sínú báàgì kí o tó kó ohunkóhun sí i, kó ẹrù sínú ọ̀rá náà, kí o sì lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀ dáadáa lókè. Lẹ́yìn èyí, di aṣọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀rá tirẹ̀: ti Àbámẹ́ta lọ́tọ̀, ti Àìkú lọ́tọ̀. Fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí o tó ta á ní kókó. Àǹfààní méjì ni: bí omi bá wọ ọ̀kan, kò ní ba ìyókù jẹ́, ìwọ náà kò sì ní tú gbogbo báàgì sílẹ̀ nínú òkùnkùn nítorí ṣẹ́ẹ̀tì kan. Mú ọ̀rá òfìfo kan dání fún aṣọ ìdọ̀tí.

6.6 Ẹrù àgọ́ yàtọ̀ sí ẹrù òkè

Kílò 5.8 kò ní ni ọ́ lára láti bọ́ọ̀sì dé àgọ́. Láti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ó ti pọ̀ jù, kò sì sí ìdí rẹ̀: ta ni yóò tẹ́ aṣọ ìbora sí ààfin àtijọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó gbogbo ohun tó wà nínú báàgì sílẹ̀ nínú àgọ́, kí o sì dá ìwọ̀nba padà: omi lítà kan (kílò 1.0), rénkóòtù (0.3), ìpápánu díẹ̀ (0.2), tíṣù àti pílásítà (0.1). Fi báàgì fúnra rẹ̀ (0.7) kún un, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 2.3. Dé fìlà, nítorí ooru orí àpáta. Bí súwẹ́tà bá fúyẹ́, ó lè bá wọn lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń bèèrè ẹrù tirẹ̀. Ẹni tó dì lẹ́ẹ̀kan tí kò tún un dì mọ́, ẹrù àná ló ń gbé kiri.

6.7 Ẹrù ẹgbẹ́ àti ẹrù èèwọ̀

Kò pọn dandan kí olúkúlùkù mú ohun gbogbo. Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Nínú ẹni mẹ́rin, ọṣẹ ìfọṣọ kan, ọṣẹ ìfọyín kan àti okùn ìsáṣọ kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé ẹlòmíì yóò mú, ẹnikẹ́ni kì í mú un. Ìkòkò, ẹní, ọ̀bẹ ìdáná àti ìṣáná wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Má ṣe mú ọ̀bẹ, ìṣáná, ìgò oní-díńgí, ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye tàbí fóònù tí ilé-ẹ̀kọ́ kò fọwọ́ sí. Kọ orúkọ rẹ àti kíláàsì rẹ sínú báàgì. Má ṣe kọ ọ́ gàdàgbà síta, kí àjèjì má baà máa fi orúkọ pè ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kí o di ẹrù rẹ. Má ṣe jẹ́ kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ dì í. Wọ́n lè jókòó tì ọ́ kí wọ́n máa wò. Ọmọ tí a bá di ẹrù fún kò ní mọ ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù rẹ̀ kí a tó bá a ké ọfẹ. Bí o bá dì í tán, gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí o sì gun àtẹ̀gùn kan sókè sódò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí èjìká bá ń dùn ọ́ tàbí tí ara rẹ ń tẹ̀ síwájú, tú u, kí o tún un tò.

6.8 Nígbà tí o bá dé

Má ṣe ju báàgì sí kọ̀rọ̀. Tú u lọ́jọ́ náà gan-an, kí aṣọ tútù àti àwọ̀n má baà bu. Pín ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí o lò, èyí tí o kò lò, àti orúkọ ohun tí o wá tí o kò rí. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé tí o fi ro ọjọ́ já. Ìwé yẹn ni ìwọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn.

Àkótán

Wákàtí ìrìn-àjò ló ń yan ẹrù. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ni ààlà. Ohun wíwúwo gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹ̀yìn, ohun òru á wà nísàlẹ̀, ohun àìròtẹ́lẹ̀ á wà lókè. Ọ̀rá ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ òjò. Ẹrù òkè kì í ṣe ẹrù àgọ́.

Ìbéèrè

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọn kílò 36. Kí ni ẹrù tó wúwo jù tí ó lè gbé bí a bá lo ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún? Bí ẹrù rẹ̀ bá jẹ́ kílò 5.9, kílò mélòó ni yóò yọ?
2. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí a to píọ̀ wọ́tà sínú báàgì.
3. Kí nìdí tí ohun tó wúwo fi gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹ̀yìn? Lo ìdánwò ike omi nínú ìdáhùn rẹ.
4. Fi ọkàn rin ọjọ́ Àìkú já, láti ìjí dé ìgbà tí bọ́ọ̀sì yóò wọ Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ọjọ́ Ẹtì ní 6.2.
5. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a lè gbé lọ tí a sì gbé bọ̀ láìlò, tí wọn kì í sì í ṣe ẹrù àṣedànù. Sọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Gbé báàgì tí o ń gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ ni? Tú u, kí o kọ ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà méjì: èyí tí ẹ̀kọ́ òní bèèrè, àti èyí tí ó kàn wà níbẹ̀. Mú àkọsílẹ̀ náà wá sí kíláàsì.